Ẹ̀yìn Dídùn: Àwọn Ìbéèrè Tẹ́ Ẹ Máa Ń Bi Wá Jù, Pẹ̀lú Ìdáhùn Wọn

Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra wo ìrora iṣan àti eegun, kò síbi tá a wọ̀ tí wọn ò ní bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ níbi ìnáwó ni o, nínú bọ́ọ̀sì ni o, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n máa ń bi wá jù la kó jọ síbí. Àwọn kan gùn, àwọn kan ò gùn torí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú wọn.

Kí ló máa ń fà á gan-an?

Ká sòótọ́, tá a bá kó èèyàn 10 tẹ́yìn ń dùn jọ, nǹkan bíi 9 nínú wọn la ò ní rí ohun kan pàtó nàka sí pé òun nìyí. Eegun ò ṣẹ́, àrùn kankan ò wọbẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa o, ìrora wọn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀pá ẹ̀yìn wa, eegun 24 ló tò léra wọn látọrùn wá sí ìbàdí, 7 lọ́rùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìbàdí, lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn tó ti lẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀. Dísìkì tó rọ̀ díẹ̀ tó sì yi wà láàárín eegun kan sí èkejì, iṣan ló gbá gbogbo ẹ̀ mú, nẹ́ẹ̀fù (okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ lọ sápá, lọ sẹ́sẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè bínú. Àwọn 5 ti ìbàdí ló ń gbé ẹrù wa jù, òun ló jẹ́ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun tó ń bí wọn nínú pọ̀: kéèyàn gbé jẹ́ẹ́gì omi lójijì, kó jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́, kó má ṣe eré ìdárayá kankan, sìgá, ara tó ti wúwo jù, oorun tí ò tó, àti ìrònú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrònú. Ẹni tó ń ronú owó ilé àti owó iléèwé ọmọ tí ò sì róorun sùn, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó san ju ti ẹni tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ó ń finú rò ó o, ọpọlọ ló ń pinnu bí ìrora ṣe máa pariwo tó. Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dùn lọ́dún 2020 lágbàáyé, kò sì sí àìsàn míì tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbòkègbodò tó o.

Ṣé kì í ṣe jẹ̀dí ló fà á?

A mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kẹ́yìn ṣáà ti dunni, jẹ̀dí ni. Wọ́n á ní ẹ jẹ súìtì jù, ẹ mu mílíìkì jù, ẹ fi ṣúgà sí gààrí.

Jẹ̀dí gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ihò ìdí tàbí lẹ́nu ẹ̀ ni. Ó máa ń yúnni, ó lè ṣẹ̀jẹ̀ téèyàn bá lọ yàgbẹ́, ó lè yọ síta. Ohun tó ń fà á jù ni ìgbẹ́ líle, kéèyàn máa fipá tẹ̀ ẹ́ jáde, àti oyún. Kò sí bó ṣe máa gbéra níbẹ̀ lọ máa dun ìbàdí. Èèyàn kan lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà o, torí pé méjèèjì ló wọ́pọ̀, kéèyàn máa jókòó ṣáá láìmu omi láìjẹ ẹ̀fọ́ sì lè bá a débẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo jẹ̀dí san, ẹ̀yìn á ṣì wà ńbẹ̀ tó ń dùn. Ṣúgà náà ò kúkú mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ó ń múni sanra, ó sì lè bá èèyàn débi ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù ẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Á fi ọwọ́ kan di irin àga mú, á fi èkejì gbé ìgò kékeré sókè, á ní ó ń wo jẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó ń wo ibà, ó ń wo atọ̀sí, ó ń wo ojú tó ń ṣú, ó ń wo ọkùnrin tí ò lè ṣe mọ́ nínú ilé, tẹ́ ẹ bá ra méjì ẹ̀kẹta di ọ̀fẹ́. (Tóògùn kan bá lè ṣe gbogbo ìyẹn, kí làwọn dókítà tún wá ń kàwé ọdún mẹ́fà fún?) Owó tẹ́ ẹ fi rà á kọ́ ló ń bà wá nínú jẹ́ jù. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹlòmíì á fi oṣù mẹ́fà máa wo jẹ̀dí kiri, nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, ohun míì tó yẹ ká ti tètè rí ti ráyè jẹ ẹ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi lánàá ni, ṣé kí n lọ dùbúlẹ̀ kó fi san?

Rárá o. Láyé ìgbà kan àwọn dókítà gan-an máa ń ní kéèyàn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́pọ̀ ọjọ́, ìwádìí ti yí i padà. Ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, wọ́n gbé àbájáde kan jáde lọ́dún 1995, wọ́n ní káwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọ́n fún àwọn kan ní eré ìdárayá ẹ̀yìn, wọ́n ní káwọn tó kù ṣáà máa bá ìgbòkègbodò wọn lọ níwọ̀n tí ara wọn bá gbà. Àwọn tó ń bá ìgbòkègbodò wọn lọ yìí ni ara wọn tètè yá jù. Tó bá le gan-an, ẹ lè sinmi ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán méjì, àmọ́ ẹ máa dìde lóòrèkóòrè, ẹ rìn yí ilé ká.

Tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí ara gbé, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga kí orúnkún ká, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń mí kanlẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má dìde gánrangánran o, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kéèyàn kígbe láàárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín sókè. Ẹ tún lè fi táwẹ̀lì tẹ́ ẹ kì bọ omi gbígbóná tẹ́ ẹ sì fún dáadáa lé e (kó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni o, kó má bó yín lára) fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí a bá ní ká ṣírò ẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú èèyàn báyìí, púpọ̀ nínú ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yálà a lo oògùn tàbí a ò lò ó.

Tèmi gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, ó máa ń ta mí bí iná.

Nẹ́ẹ̀fù kan wà tó gùn jù nínú ara, ó gba ìdí kọjá lẹ́yìn itan títí dé ẹsẹ̀. Tí dísìkì bá yọ díẹ̀ tó lọ tẹ gbòǹgbò ẹ̀ ní ìbàdí, ẹsẹ̀ lèèyàn á ti máa gbọ́ ìrora, nígbà míì ẹ̀yìn ò tiẹ̀ ní dùn tó ẹsẹ̀. Sciatica ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ta, ó máa ń rí bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, téèyàn bá wúkọ́ tàbí sín, ó lè ta lọ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani lóòótọ́, àmọ́ ara máa ń wo púpọ̀ nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta, dísìkì tó yọ yẹn gan-an sábà máa ń sún kì. Tí ẹsẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ìyẹn ti di nǹkan míì, ẹ ka ìdáhùn tó kàn.

Ìgbà wo ló yẹ kí n sáré lọ sọ́sibítù?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí ju gbogbo èyí tó kù lọ, kẹ́ ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn àgbà ilé.

Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ o, kó má di ọ̀la: tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tẹ́ ẹ ò lè di ìgbẹ́ mú mọ́, tí abẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó bá kú débi pé ẹ ń nùdí ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ kàn án, tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, pàápàá ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹlòmíì á ní sálúbàtà ń yọ lẹ́sẹ̀ òun tóun ò mọ̀, á máa fi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó lè jẹ́ pé àwọn nẹ́ẹ̀fù ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni nǹkan ti tẹ̀ pa pọ̀, tí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ó lè má padà sípò mọ́ láéláé. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá ṣubú lórí ọ̀kadà, tẹ́ ẹ já bọ́ látorí igi tàbí àtẹ̀gùn. Àgbàlagbà tí eegun ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ìṣubú kékeré nínú bálùwẹ̀ tó o.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe kánjúkánjú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pẹ́. Ibà tí ò lọ, ara tó ń gbẹ láìmọ ìdí, òógùn tó ń bo èèyàn lóru, ìrora tí kì í sinmi yálà ẹ dùbúlẹ̀ ni o, ẹ dìde ni o. Nílẹ̀ tiwa, tá a bá rí wọn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó lè wọ eegun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé èèyàn ń wúkọ́ rárá. Á máa jẹ eegun náà díẹ̀díẹ̀, tó bá yá ojú kan á yọ gọ́ńgọ́ lẹ́yìn bí iké, ẹsẹ̀ lè wá rọ. Àwọn àgbà á ní aráyé ló ṣe é. Oògùn ẹ̀ wà o, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fúnni lọ́sibítù ìjọba ní Nàìjíríà, ó máa ń tó ọdún kan téèyàn á fi lò ó fún ti eegun, kò sì gbọ́dọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti lé ní 50 ọdún, tẹ́yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ò sì fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ prostate yín wò (ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), torí jẹjẹrẹ ibẹ̀ fẹ́ràn láti lọ fara pamọ́ sínú eegun ẹ̀yìn. Obìnrin tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí náà, kó tètè lọ rí dókítà. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó lè jẹ́ pé ìrora àìsàn náà ló dé, eré ìdárayá kọ́ ló kàn nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ẹ̀ ló kàn. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wá ń dùn, tí ibà wà níbẹ̀, tí ìtọ̀ ń ta èèyàn, kíndìnrín ni kẹ́ ẹ fura sí.

Mo ṣe X-ray, wọ́n ní mo ní spondylosis. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ yẹn ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn dójú oorun. Ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé eegun àti dísìkì yín ti dàgbà díẹ̀ lọ, bí ewú ṣe ń yọ lórí náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀yìn. Lọ́dún 2015, àwọn kan kó àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn tí NǸKAN KAN Ò DÙN jọ. Nínú 100 ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, 37 ni dísìkì wọn ti ń gbó, 30 ni tiwọn ti yọ díẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹni 80 ọdún, ó di 96 àti 84. Wọn ò sì ráhùn ẹ̀yìn o.

Torí ẹ̀ la ṣe ń sọ pé tí kò bá sí àmì ewu kankan nínú àwọn tá a kà lókè yẹn, ẹ má sáré lọ ná owó MRI (ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara), owó ńlá ni, ó sì lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù nìkan lẹ máa rà bọ̀. A ti rí ẹni tó ń rìn dáadáa kó tó ka rìsọ́ọ̀tì, tó kà á tán tí ò fẹ́ tẹ̀ mọ́ láti mú bíírọ̀ tó já bọ́ nílẹ̀.

Oògùn wo ni kí n lò?

Paracetamol lèèyàn kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ní Australia, wọ́n dán an wò lára àwọn tó lé ní 1,600 tẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2014, àwọn tó lò ó san láàárín nǹkan bí ọjọ́ 17, àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀ san láàárín ọjọ́ 16. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò fi nǹkan kan yàtọ̀.

Ibuprofen, diclofenac àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ló máa ń ṣe díẹ̀ sí i, àmọ́ wọ́n ní ewu tiwọn. Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, kó jẹ́ ìwọ̀n kékeré, fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ apòògùn kẹ́ ẹ tó lò ó tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí ọkàn, tàbí tẹ́ ẹ bá lóyún. Ẹ má lo méjì pọ̀. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn torí orúkọ wọn ò jọra: ẹni tó lo diclofenac láàárọ̀ tó tún da Alábùkún mu lọ́sàn-án, ó ti lo méjì nìyẹn, aspirin àti caffeine ló wà nínú Alábùkún.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa àpòpọ̀. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn mí, ó wo ojú yín, ó já oríṣi hóró mẹ́rin márùn-ún kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì wọn, funfun méjì, yẹ́lò kan, pupa kan, ó rọ́ ọ sínú ọ̀rá kékeré láìsí orúkọ, ó ní ẹ lò ó tán ní báyìí. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ o, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ lè jó! Ohun tó wà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oògùn ìrora méjì pọ̀ àti steroid (oògùn líle tó ń pa wíwú ara) bíi prednisolone. Ẹni tó bá sọ ọ́ di àṣà, ojú ẹ̀ á wú, á ní òun ń sanra, ṣúgà ara ẹ̀ ń lọ sókè, eegun tó ní òun ń tọ́jú ti ń fẹ́lẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má kàn dá a dúró lójijì, ẹ kó ọ̀rá ẹ̀ dání lọ bá dókítà.

Tramadol? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí pé ó ń di bárakú, ìwádìí kan láti Sydney lọ́dún 2023 fi oògùn tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wo ẹ̀yìn àti ọrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sàn ju oògùn òfìfo lọ.

Àgbo ńkọ́? Àwọn bàbá wa ò ṣáà lọ sọ́sibítù.

A ò bú àgbo. Ewé wà tó ń ṣiṣẹ́. Wàhálà tiwa ni èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí, pàràgà tẹ́ ẹ ń mu ní gáréèjì láàárọ̀ kí mọ́tò tó kún. Ọtí ló ń pa ìrora kú fún wákàtí díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi diclofenac lé e, inú ló ń jìyà ẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́, kò ní nà yín.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́yìn nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi ló fà á.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ti sọ èyí fún wa ò kéré. Ojú ibi tí wọ́n gún lè dùn fún ọjọ́ mélòó kan, òótọ́ ni. Èyí tó ń bá èèyàn lọ́dún kejì, ọdún kẹta, ìwádìí ò rí i pé abẹ́rẹ́ ló ń fà á, àwọn tó bímọ láìgbabẹ́rẹ́ náà ń ráhùn ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́sàn-án oyún ti na iṣan ikùn, omi ara obìnrin (họ́mọ̀nù) ti dẹ àwọn oríkèé, lẹ́yìn náà gbígbé ọmọ, títẹ̀ wẹ ọmọ, jíjókòó tẹ̀ fọ́mọ lọ́mú lálẹ́ láìfẹ̀yìn ti nǹkan kan, láìsùn. Ẹ gbé ọmọ sórí ìrọ̀rí kó ga débi ọmú, dípò kẹ́ ẹ tẹ̀ lọ bá a. Ẹ gbé báàfù ọmọ sórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá ń pọ̀n ọn, ẹ jẹ́ kó wà lókè, kí ọ̀já gbá a mọ́ yín lẹ́yìn dáadáa, kì í ṣe èyí tó rọ̀ wálẹ̀ sídìí.

Mo máa ń ní kí ọmọ mi gun mi lẹ́yìn, ara á sì tù mí.

Ta ni bàbá ẹ̀ ò ní kó wá gun òun lẹ́yìn rí! Ẹ dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ á di ògiri mú, á máa tẹsẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ̀, ẹ̀yin á máa ní "síwájú díẹ̀, níbẹ̀ yẹn, dúró." Fún ẹni tó ṣì lágbára, ìfọwọ́ra kan náà ni, ó ń dẹ iṣan, ara á fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Kó má kàn jẹ́ ọmọ tó ti tóbi, kó má fò lórí ẹ̀, kó má dúró sórí eegun gangan. Màmá tó ti lé ní 60 ọdún tàbí ẹni tó ti ń lo steroid tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, eegun tó ti fẹ́lẹ́ lè tẹ̀ wọlé. Màsáàjì dára, WHO gan-an fọwọ́ sí i mọ́ ìtọ́jú fún ẹ̀yìn tó ti pẹ́. Àwọn teguntegun tó ń fa èèyàn tí ń yí i po, tí ẹsẹ̀ bá ti ń kú tàbí tí ń rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín kẹ́ ẹ tó rí dókítà.

Ṣé kí n ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn?

Rárá. Nínú ìtọ́sọ́nà tí WHO gbé jáde ní December 2023 fún ẹ̀yìn tó ti pẹ́, bẹ́líìtì wà lára ohun tí wọ́n ní ká má máa fún èèyàn, fífa ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀.

Fóòmù tó le gbagidi ni wọ́n ní kí n máa sùn lé, àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní Spain, wọ́n pín èèyàn 313 sí méjì lọ́dún 2003, wọ́n fún apá kan ní èyí tó le gan-an, wọ́n fún apá kejì ní èyí tó le níwọ̀nba. Àwọn tiwọn le níwọ̀nba ló sàn jù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ẹ ò nílò láti fi gbogbo owó oṣù ra èyí tí wọ́n kọ orthopaedic sí lára. Èyí tí ò dáa ni fóòmù ọdún gbọ́ọ́rọ́ tó ti jìn láàárín tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sùn létí ẹ̀, àárín lẹ máa jí sí.

Kí lẹ máa ṣe fún mi tí mo bá wá sọ́dọ̀ físíò?

A máa kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má bínú, iṣẹ́ yín, oorun yín, ohun tó ń mú un le. A máa ní kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ yí, a máa dán agbára ẹsẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló kan eré ìdárayá, òun ni gbòǹgbò ìtọ́jú ẹ̀yìn tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, iná mànàmáná àti ìpara wulẹ̀ jẹ́ àfikún. Iṣẹ́ físíò kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà o, ọ̀rọ̀ àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé ló jẹ́ kí ọsibítù eegun Igbóbì l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945.

Ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ wa báyìí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ rọra gbé ìdí kúrò nílẹ̀ títí èjìká, ìbàdí àti orúnkún á fi tò lórí ìlà kan, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má sé èémí. Ẹ ṣe é ní 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú orúnkún ní kíká bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì rọra wó sọ́tùn-ún, kó padà wó sósì. Tó bá dùn díẹ̀ kò burú, tó bá dùn débi pé ó ṣì ń dùn gan-an lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù.

Ibi tá a ti máa ń bínú ni ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó ní ẹ ò fún òun lóògùn, tí ò padà wá mọ́.

Iṣẹ́ mi ló fà á, mi ò sì lè fi í sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ yọ wálẹ́ẹ̀tì kúrò ní àpò ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó jókòó, ó ń tẹ nẹ́ẹ̀fù ìdí, ẹ fa àga síwájú kí orúnkún lè ká, ẹ ká táwẹ̀lì kékeré sí ìbàdí, tí gòsúlóò bá dá yín dúró tẹ́ ẹ sì rí ibi páàkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀ àti onídìrí, ìjókòó kan náà fún wákàtí mẹ́rin lọ̀tá yín, ẹ máa dìde bẹ́ ẹ bá ti parí ohun kan. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ pín ẹrù sí méjì, kẹ́ ẹ gbé e mọ́ra pẹ̀lú orúnkún ní kíká, kẹ́ ẹ má yí ìbàdí nígbà tẹ́rù ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé laptop lé itan lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ ara yín.

Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ kíà ní London àti Manchester náà máa ń kọ̀wé sí wa, wọ́n ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àti lálẹ́. Òfin gbígbé nǹkan wúwo ti wà ní Britain láti 1992, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló ní ojúṣe láti dín ewu ẹ̀ kù, nípa kíkọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e àti pípèsè ẹ̀rọ tó yẹ. Ẹ má dá nìkan gbé èèyàn torí pé ẹ ń ro ti vísà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tó bá dùn yín lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́pọ̀ àdúgbò níbẹ̀, ẹ lè bá físíò NHS (ètò ìlera ìjọba wọn) sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò.

Ṣé iṣẹ́ abẹ ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀?

Fún ẹni díẹ̀ ni: ẹni tí nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ ń kú lọ, tàbí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń dùn kíkankíkan tí ìtọ́jú oṣù mélòó kan ò ràn. Ó máa ń tètè bá ìrora ẹsẹ̀ wí. Ẹ̀yìn nìkan tó ń dùn láìsí ohun pàtó, ọ̀bẹ ò rí nǹkan gé níbẹ̀.

Ó ń dójú tì mí láti béèrè… ṣé ìbálòpọ̀ ló fà á?

Kò fà á, kì í sì í ṣe pé omi ara ti gbẹ nínú eegun yín báwọn tó ń ta oògùn ṣe ń sọ. Tó bá ń dùn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹni tẹ́yìn ń dùn kó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún, tàbí kẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ bá ara yín sọ ọ́. Àmọ́ tí nǹkan ọkùnrin ò bá ṣàdédé ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ tẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, tí abẹ́ sì kú, ọsibítù o, a ti sọ ọ́.

Ó ti san. Ṣé ó lè tún padà wá?

Ó lè padà wá, torí nǹkan bí 7 nínú 10 ló tún máa ń mú láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ń dùn mọ́ wa jù. Lọ́dún 2024, àwọn ará Australia gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èèyàn 701 tẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san ló kópa. Wọ́n ní kí apá kan máa rìn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, físíò ń kọ́ wọn, ó sì ń pè wọ́n. Apá kejì, wọn ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Àwọn tí ò rìn, ní ìdajì wọn, ẹ̀yìn ti padà kó tó pé ọjọ́ 112. Àwọn tó ń rìn, ó di ọjọ́ 208. Ìrìn lásán o, kò sí jíìmù, kò sí ẹ̀rọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ kùtù kí òòrùn tó mú àti kí ọ̀kadà tó gba títì, ẹ wọ bàtà tó bá yín lẹ́sẹ̀ mu, kẹ́ ẹ máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá tún mú yín lọ́nà, ẹ má dá ìrìn dúró pátápátá, ẹ dín in kù sí ìdajì fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún máa bá a bọ̀.